Apá Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò: Àsọyé Lórí Ríra Ẹ̀rọ Ìgbẹ́lẹ̀ Tòkunbọ̀ Fún Oko Kékeré

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó ń dáko, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń sin ẹja, ẹ kú ìjókòó o.

Bí ẹ bá dúró sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ fún wákàtí kan péré, ẹ ó rí i pé nǹkan kan náà ni gbogbo ẹni tó wá rajà ń ṣe. Wọ́n á ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á tẹ́tí sí i, wọ́n á wo èéfín rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ pa ọ̀dà ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì di ti iye owó. Ohun tí a wá sọ lónìí ni pé ọ̀nà yẹn gan-an ni owó àgbẹ̀ ń gbà ṣòfò. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń gbẹ́lẹ̀. Apá ẹ̀rọ tó jáde lára rẹ̀, ọwọ́ tó so mọ́ orí apá náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn píìnì tó so wọ́n pọ̀, àti epo háídróólíìkì tó ń tì wọ́n, àwọn ló ń gbẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó bá kọṣẹ́, mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣe nítòsí lè tú u kó sì tún un tò. Apá tó bá ti jẹ tán, ẹ máa wá ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ tì kí ẹ tó rí i, ẹ̀rù á sì bà yín nígbà tó bá ka owó rẹ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n kòtò ṣáájú ẹ̀rọ. Ẹni tí kò tíì mọ iye erùpẹ̀ tó fẹ́ kó jáde kò tíì mọ ẹ̀rọ tó yẹ kó rà.

Ẹ wọn kòtò

Ẹ mú adágún ẹja tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, tó sì jìn ní mítà 1.5. Ọ̀pọ̀ á sáré sọ pé kúbíìkì mítà 300 ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ adágún kì í dúró ṣánṣán. A máa ń jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó má baà ya lulẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá wọlé ní mítà 1.5 kó tó kan ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á jẹ́ mítà 17 ní mítà 7, erùpẹ̀ tí ẹ máa gbẹ́ á sì jẹ́ nǹkan bí kúbíìkì mítà 240. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ jáde tán, ó máa wú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, òkìtì tó máa dúró létí adágún á wá tó 300. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òkìtì yẹn máa wà kí ẹ̀rọ tó dé. Tí ẹ bá fi lára rẹ̀ mọ bèbè adágún, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa ní ìpele ìpele, ẹ lè gbẹ́ mítà kan péré kí bèbè sì fún yín ní ìyókù ìjìn omi. Owó ńlá ni ẹ dá padà sápò yẹn.

Ọkùnrin alágbára kan pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì lè gbẹ́ kúbíìkì mítà 2 sí 3 lóòjọ́ níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Adágún wa yìí á gba ẹnì kan ní nǹkan bí ọjọ́ 96, tàbí ẹni mẹ́jọ ní ọjọ́ 12. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ yangí, ẹ jẹ́ ká má tilẹ̀ ka iye ọjọ́.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹsikafétọ̀ kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ tó ń fi ṣéènì rìn, tó wọn tọ́ọ̀nù 1.7, bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí lítà 40 lọ, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan àti ààbọ̀. Bó bá bu erùpẹ̀ ní ìgbà 130 ní wákàtí kan, kúbíìkì mítà 5 ló gbẹ́. Bákóò, ìyẹn ẹ̀rọ onítáyà tó ní ṣọ́bìrì gbàràmù níwájú, tó tún ní ọwọ́ ìgbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn, máa ń gbẹ́ nǹkan bí 20 ní wákàtí kan. Ẹsikafétọ̀ ńlá, àní èyí tó wọn tọ́ọ̀nù 20, lè gbẹ́ 80. Adágún kan náà wá di wákàtí 48 fún kékeré, wákàtí 12 fún bákóò, wákàtí 3 fún ńlá.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ńlá ló dára jù. Ẹ rántí pé tọ́ọ̀nù 20 kì í dá rin títì. Lóbẹ́ẹ̀dì ló ń gbé e, owó lóbẹ́ẹ̀dì àlọ àti àbọ̀ sì lè ju owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ fíìfíì. Bákóò ń fi táyà ara rẹ̀ rìn wá láti ìlú kejì. Èyí tó wọn tọ́ọ̀nù 1.7 á wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀yìn Hilux. Ẹrù tí wọ́n ṣe Hilux fún kò tó tọ́ọ̀nù 1.7.

Ohun mìíràn tí ìṣirò yẹn kò fi hàn ni bí ọwọ́ ẹ̀rọ ṣe gùn tó. Ọwọ́ ẹsikafétọ̀ kékeré yìí kò nà tó mítà 4, ìjìn tó lè gbẹ́ kò sì ju mítà 2.3 lọ. Kò lè dúró sí bèbè kó gbẹ́ àárín adágún tó fẹ̀ ní mítà 10. Inú kòtò ló máa wọ̀, á máa ju erùpẹ̀ sẹ́yìn, á tún padà wá kó erùpẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Wákàtí 48 yẹn lè wá di 80. Bákóò tí ọwọ́ rẹ̀ ń nà tó mítà 5 àti ààbọ̀ lè ti bèbè ọ̀tún àti bèbè òsì gbẹ́ ẹ kó pàdé láàárín.

Ṣé kí ẹ rà á, àbí kí ẹ háyà?

Ẹ mọ̀ báyìí pé adágún méjì kò ju wákàtí 24 lọ lọ́wọ́ bákóò. Kò sí ìdí kankan tí àgbẹ̀ tó ní adágún méjì fi gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Kó háyà rẹ̀, kó sì wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ kó máa wo aago. Ẹ béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ bóyá wákàtí tí mítà inú ẹ̀rọ bá kà lẹ máa sanwó rẹ̀, tàbí wákàtí tí aago ọwọ́ bá kà, nítorí àkókò tí ọ̀pàrétọ̀ fi lọ jẹun náà wà nínú èkejì.

Ríra bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́gbọ́n wá bí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ bá tó nǹkan bí wákàtí 250 sí 300 lọ́dún. Àgbẹ̀ kan kì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló máa ń ní i. Àgbẹ̀ méjìlá tí kálukú ní adágún, gọ́tà àti ọ̀nà oko láti ṣe láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, wọ́n lè ra bákóò kan. Àmọ́ ọ̀pàrétọ̀ kan ṣoṣo ni kó máa wà á. Ẹ̀rọ tí gbogbo èèyàn ń wà kì í ní ẹni tó mọ ìgbà tí ohùn rẹ̀ yí padà. Kí wọ́n sì máa ya owó sọ́tọ̀ fún àtúnṣe lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, kódà lórí wákàtí tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ṣiṣẹ́ lóko ara rẹ̀.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ gbin nǹkan, ó ṣeé ṣe kó má nílò ju ẹ̀rọ alápò epo pẹtiróòlù tó ń lu ihò lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a gbìn ní mítà 3 sí mítà 3, ihò 1,111 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Kòkó náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ tí a gbìn ní mítà 9 ní onígun mẹ́ta, 143 ni. Ẹ̀rọ yìí lè lu ihò kan láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì bí ilẹ̀ bá rọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, ẹ pa á, ẹ fa okùn ìtanná rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti le, tó ń bá yín jà, kó tó yọ̀ǹda. Okùn tó ń yọ̀ wọ́ọ́rọ́ láìsí ìjà, písítìnì ti jẹ nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá di irin gígùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń gbọ̀n ní ọrùn, bẹ́ríìnì inú jíà ti lọ. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lo epo àdàlù, ẹ wo nọ́ńbà tí ẹni tó ṣe é kọ sí ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ 25 sí 1, mìlílítà 40 ti ọ́ìlì ni fún lítà pẹtiróòlù kan. Ẹni tó bá dá a wà ní ilẹ̀ onígbòǹgbò ń wá kí ó fọ́ òun lọ́rùn ọwọ́, nítorí bí irin bá há mọ́ gbòǹgbò, ara ẹ̀rọ ló máa yí. Kí ẹni méjì máa dì í mú. Nínú ilẹ̀ amọ̀, irin náà máa ń dán ògiri ihò bíi ti ìkòkò, gbòǹgbò irúgbìn á sì máa yí po nínú rẹ̀ láì lè jáde. Ẹ fi orí àdá ha ògiri ihò náà kí ẹ tó gbìn sí i.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ní katakata tó sì fẹ́ so ọwọ́ ìgbẹ́lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọwọ́ ìgbẹ́lẹ̀ tó kàn so mọ́ ìdè mẹ́ta ẹ̀yìn katakata lásán léwu púpọ̀. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ta ko nǹkan líle, gbogbo rẹ̀ lè ká sókè kó sì tẹ ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata. Èyí tó ní férémù irin tó gba abẹ́ katakata lọ síwájú nìkan ni kí ẹ gbà.

Bí a ṣe ń yẹ apá wò

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀. Ẹ gbé lítà 20 dísù dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ wo ẹ̀rọ, pẹ̀lú ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì, páálí kan, tọ́ọ̀ṣì, àti aṣọ ìnulẹ̀. Dísù yẹn ṣe pàtàkì torí ẹni tó ń tajà kò ní fẹ́ kí ẹ jẹ epo òun ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ àìsàn ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kì í jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí ẹnikẹ́ni tó tan nǹkan kan, ẹ yí ẹ̀rọ náà po. Ẹ wo àwọn ibi tí píìnì wà. Gíríìsì tó ti pẹ́ máa ń dúdú, á dàpọ̀ mọ́ eruku, á ṣe bí òrùka líle yí ẹnu píìnì ká. Ìyẹn dára, ó fi hàn pé ẹnì kan ń fún un ní gíríìsì lójoojúmọ́. Ibi tí ẹ bá ti rí gíríìsì tuntun tó ń dán lórí ìpẹtà pupa, àárọ̀ òní ni wọ́n fún un. Bí ẹ bá sì rí nípù gíríìsì tí wọ́n ti kun ọ̀dà lé ẹnu rẹ̀, gíríìsì kò tíì gba ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n ti kùn ún.

Ẹ wá ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí ọ̀pàrétọ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lélẹ̀, eyín rẹ̀ kó kan ilẹ̀. Kó máa gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀, kó sì máa sọ̀ ọ́ padà, láìjẹ́ kí bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, lókèèrè díẹ̀, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí píìnì ti wọ etí irin. Lára ẹ̀rọ tó jẹ, apá á ti gbéra, ọwọ́ ò tíì mọ̀, ẹ ó gbọ́ "kọ̀!" kí ọwọ́ tó tẹ̀ lé e. Àlàfo tó wà níbẹ̀ ni ẹ ń wá. Bó bá nípọn bí owó ẹyọ kan, kò burú fún ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́. Bó bá tó ìka ọwọ́ ọmọdé, ẹ dúró ná.

Ẹ ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí irin tó gbé píìnì yẹn. Bí ihò rẹ̀ bá ṣì rí róbótó, píìnì àti búṣì, ìyẹn òrùka irin tó wà láàárín píìnì àti ihò, nìkan ló jẹ. Wọ́n ṣeé pààrọ̀, ẹni tó ń ṣe léèdì sì lè gé wọn fún yín bí ẹ ò bá rí wọn rà. Bí ihò náà bá ti gùn bí ẹyin, etí irin fúnra rẹ̀ ló ti jẹ. Àtúnṣe rẹ̀ tó tọ́ ni kí wọ́n fi iná dí i, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìlu ihò tó ń gba inú etí méjèèjì kọjá ní gbọọrọ wá, kí ihò ọ̀tún àti tòsì lè wà lójú ìlà kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ń ṣe ni pé wọ́n á fi iná dí i, wọ́n á wá fi gíráńdà gbẹ́ ẹ pẹ̀lú ojú lásán. Ihò méjèèjì kò ní bára mu. Píìnì tuntun á máa wọ̀ wọ́ọ́, á máa jẹ lápá kan, láàárín oṣù díẹ̀ ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ná.

Ibi kejì ni jáàkì háídróólíìkì, pàápàá ọ̀pá dídán tó ń wọlé tó ń jáde. Ẹ ní kí wọ́n na gbogbo wọn tán, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí ẹ nù wọ́n mọ́. Ẹ fi èékánná yín gba ara ọ̀pá náà lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí epo mọ́ inú jáàkì, á kọ́ níbẹ̀. Síìlì kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti ha ọ̀pá tàbí tó ti ní ojú ìpẹtà, síìlì tuntun tí ẹ bá fi sí i á ya láìpẹ́, tí ẹ ò bá tíì tún ọ̀pá náà ṣe. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ létí òkun máa ń ní irú ìpẹtà báyìí tó pọ̀.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́. Kí ọ̀pàrétọ̀ fi ẹ̀rọ náà gbẹ́lẹ̀ gidi fún ìṣẹ́jú 30, kì í ṣe kó máa ju ọwọ́ rẹ̀ lófuurufú. Epo háídróólíìkì tó tutù máa ń ki, ó sì máa ń bo àléébù pọ́ǹpù. Bó bá gbóná, ó máa ń ṣàn bí omi, á sì máa gba àárín ibi tó ti jẹ nínú pọ́ǹpù sá padà. Ẹ̀rọ tó yára láàárọ̀ á wá di arọ lọ́sàn-án. Ẹ fi ojú sí i: bó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún sókè ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin nígbà tó tutù, tó sì di mẹ́jọ nígbà tó gbóná, pọ́ǹpù ni ẹ fẹ́ rà pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn.

Nígbà tó ṣì gbóná, kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún erùpẹ̀ sókè, kó na ọwọ́ jáde, kó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ara ọ̀pá jáàkì lẹ́nu ibi tó ti ń jáde, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kọjá lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ padà wá wo ìlà yẹn. Bó bá ti sún díẹ̀, ó wà bẹ́ẹ̀. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti jókòó sílẹ̀, epo ń jò kọjá síìlì inú jáàkì tàbí inú fáfù. Ní ti bákóò, ẹ ṣe irú ìdánwò kan náà fún ẹsẹ̀ méjèèjì tó fi ń dúró: kó fi wọ́n gbé ẹ̀yìn ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ń rì.

Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò lára họ́ọ̀sì. Ìtẹ̀sí tó wà nínú rẹ̀ ju 200 bar lọ. Epo tó ń gba ihò abẹ́rẹ́ jáde lè wọ abẹ́ awọ ẹni láìfi ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ hàn, dókítà sì lè gé ìka náà kó tó dúró. Páálí tí ẹ gbé dání la fi ń wá a. Ẹ gbé e kọjá ní ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀sì, ibi tó bá ti tutù ni epo wà.

Ẹ wo ìdí ọwọ́, bóyá páìpù irin méjì tín-ínrín kan gba ara rẹ̀ lọ tó parí sẹ́bàá bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so òòlù ìfọ́-òkúta mọ́ ọn rí. Òòlù yẹn máa ń gbọn gbogbo píìnì, ó sì máa ń da ìdọ̀tí padà sínú epo. Ẹ̀rọ tó ti fọ́ kọnkéré fún ọdún mẹ́ta, kò dà bí èyí tó ń gbẹ́ gọ́tà, kódà bí mítà wọn bá ka wákàtí kan náà. Mítà wákàtí náà ṣeé pààrọ̀. Ẹ wo bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe jẹ rọ́bà pẹ́dààlì tó, àti bí ìjókòó ṣe ya. Pẹ́dààlì tó ti dán gbinrin kò bá mítà tó ka wákàtí 2,000 mu.

Ní ti èyí tó ń fi ṣéènì rìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Jíà eléyín tó ń fa ṣéènì, orí eyín rẹ̀ yẹ kó fẹ̀. Bó bá ti ṣóńṣó bí orí ọfà, òun àti ṣéènì ti jẹ ara wọn tán, a kì í sì í pààrọ̀ ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀. Bí ṣéènì bá jẹ́ rọ́bà, ẹ wá ibi tó ti ya tí wáyà irin inú rẹ̀ ti yọjú. Omi á wọ ibẹ̀, wáyà á pẹtà, á já lọ́jọ́ tí ẹ wà ní àárín àkùrọ̀. Abẹ́ ẹ̀rọ ọlọ́ṣéènì nìkan lè gba tó ìdajì owó tí ẹ máa ná lórí àtúnṣe rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní "abẹ́ ẹ̀ nìkan ló kù," ìdajì ló kù yẹn.

Ọ̀dà tó bá tàn ju ibòmíràn lọ ní ìdí apá, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á díẹ̀. Lábẹ́ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti máa ń bá ojú ìjó wẹ́dà àti irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tó ti sán.

Ẹ́ńjìnnì, orílẹ̀ tó ti wá, àti ìwé

Ẹ́ńjìnnì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ pé kí wọ́n má tan án kí ẹ tó dé, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án bí ẹ bá dé. Èyí tó ti gbóná, wọ́n ti ṣáájú yín jí i, ẹ béèrè ìdí. Ọ́ìlì tó funfun bí ẹ̀kọ mímu ti mu omi. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó; dúdú tí kò tán, afẹ́fẹ́ kò tó o tàbí epo ti pọ̀ jù. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́: bó bá ń tú ategun jáde púpúpú bí ìkòkò tó ń hó, rìǹgì ti jẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí ni ìgbà tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà. Láti nǹkan bí 2011 ni òfin èéfín ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti mú kí wọ́n máa fi fílítà èéfín àti sẹ́ńsọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá, tó fi mọ́ ti àwọn bákóò kan. Dísù tí imí ọjọ́ rẹ̀ kéré gan-an ni wọ́n fẹ́. Dísù inú dúrọ́ọ̀mù tí à ń rà létí ọ̀nà á dí fílítà yẹn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, ẹ ó sì máa wá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè bá a sọ̀rọ̀. Fún oko, èyí tó dàgbà jù ú lọ tí pọ́ǹpù dísù rẹ̀ jẹ́ irin lásán sàn jù, tí apá rẹ̀ bá ti le.

Ẹsikafétọ̀ kékeré tó bá ti Japan wá tààrà, tí gbogbo ìwé ara rẹ̀ jẹ́ ti Japan, lè dára púpọ̀, àmọ́ irú rẹ̀ lè má sí nínú ìwé ẹ̀yà ara tí wọ́n ń lò lóde Japan. Ẹ wo àkọlé ara ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ Kubota D902 tàbí D1105, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀, torí D1105 wà nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún dán ọ̀pá ìwakọ̀ rẹ̀ wò. Ètò wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀pàrétọ̀ tó ti mọ́ lára pé ọ̀tún ló ń gbé apá, á sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lu ara ilé bí ti tuntun bá jẹ́ òsì. Nípa bákóò, ilé-iṣẹ́ JCB ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1953, 3CX wọn sì ti pọ̀ nílẹ̀ wa dé ibi pé píìnì, síìlì àti fílítà rẹ̀ kò ṣòro rí ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ìdí yẹn nìkan tó láti fi í ṣáájú ẹ̀rọ tó gbayì jù ú lọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Bí ẹ bá ń bá ẹni tó ń tajà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ má ní "katapílà" lásán. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1925 ni, a ti sọ ọ́ di orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó ń wú ilẹ̀. Ẹ lè rìn dé Apapa kí ẹ lọ bá ẹ̀rọ tó ń tì, nígbà tó jẹ́ èyí tó ń gbẹ́ ni ẹ fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára páálí irin ránṣẹ́, àti ti nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ irin ara ẹ̀rọ gan-an. Bí méjèèjì kò bá jọra, ẹ máa bá tiyín lọ. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti rìsíìtì gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà kan náà.

Má ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ tán lórí ẹ̀rọ. Nínú náírà 100 kọ̀ọ̀kan, 75 ni kó ra á. 25 yòókù ni ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Kó tó gbẹ́ ìwọ̀n bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lóko yín, ẹ da gbogbo ọ́ìlì rẹ̀ nù, ẹ pààrọ̀ gbogbo fílítà. Epo háídróólíìkì tí ìwé ẹ̀rọ bá sọ ni kí ẹ lò, lọ́pọ̀ ìgbà èyí tí wọ́n kọ 46 sí lára, tàbí 68 níbi tí oòrùn bá mú; kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò. Ẹ tẹ gíríìsì sí píìnì kọ̀ọ̀kan títí èyí tó dọ̀tí á fi tú jáde tí tuntun á sì yọ. Láti ìgbà náà lọ, gíríìsì ní gbogbo wákàtí 10, ìyẹn ní àràárọ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní wákàtí 250.

Ẹ jẹ́ kí dísù jókòó nínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ kan gbáko, kí dúrọ́ọ̀mù tẹ̀ sápá kan, kí ẹnu páìpù ìfàmu sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sókè láti ìsàlẹ̀. Omi àti iyanrìn á dúró síbẹ̀. Ẹ máa ṣí ìsàlẹ̀ fílítà dísù láràárọ̀ kí ẹ da omi inú rẹ̀ nù.

Nínú àkùrọ̀, bákóò onítáyà á rì bí ẹ bá gbé e wọ ibi tó rọ̀. Ẹ gé ọparun, ẹ tò ó ní ìbú sábẹ́ táyà, kí ẹ sì fi pákó tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì tó fi ń dúró. Erùpẹ̀ tí ẹ bá kó jáde, kó jìnnà sí etí kòtò ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 60. Bí kòtò bá jìn ju mítà 1.5 lọ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, bó ti wù kí amọ̀ náà le tó lójú. Kúbíìkì mítà kan erùpẹ̀ wọn ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹni tó bá tẹ̀ kò ní lè gbé àyà rẹ̀ sókè láti mí.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀pàrétọ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kó gbé ọwọ́ sí ipò tí ọ̀pá dídán tó máa kù níta á fi kéré jù. Ọ̀pá tó sùn síta nínú òjò ló ń ní ojú ìpẹtà tí èékánná yín bá kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pá tí kò bá ṣeé fà wọlé, kí ó nù ún gbẹ, kó sì fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á lára kó tó lọ sílé.